Ẹ̀rọ agégi 070 mi máa ń kú tó bá ti gbóná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kúbwà, l'Ábújá, ni mo wà. Mo ń tún 070 àtijọ́ kan ṣe nílé, irú èyí tó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì (irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí iná plọ́ọ̀gì lè tàn). Tí ara rẹ̀ bá tutù, fífà kejì ló máa ń jí. Á gé igi fún bíi ìṣẹ́jú 15, á kàn kú pii, kò sì ní jí mọ́ àfi tó bá tutù tán.

Mo ti fọ kabúrétọ̀, mo pààrọ̀ awọ inú rẹ̀ àti plọ́ọ̀gì. Mo tú ìdérí táńkì díẹ̀, bóyá atẹ́gùn ni kò ráyè wọlé, pàbó. Mo fi sáńpépà ha ojú kọ́ńtáàtì. Nígbà tó kú lánàá, mo gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn (oòrùn ibí kì í jẹ́ kéèyàn rí iná plọ́ọ̀gì), mo fa okùn: iná tó máa ń rí bí aró ti di pupa tín-ín-rín.

Ṣé kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń mú iná wá fún plọ́ọ̀gì) ni àbí kọ́ńdẹ́ńsà (èyí tí kì í jẹ́ kí iná jó ojú kọ́ńtáàtì)? Mítà kékeré tí àwọn oníwáyà ń lò nìkan ni mo ní. Báwo ni mo ṣe lè fi mọ èyí tó bàjẹ́ kí n tó náwó?