Lẹ́tà owó ìtanràn dé o, ẹ gbà mí

Mọ́mì Tòmíwá, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ jọ̀ọ́, a lọ sìnkú bàbá mi n'Íjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ò lọ sílé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́tà ìtanràn dé láàárọ̀ yìí torí ẹ̀: £160 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún èmi, £160 fún bàbá wọn. Ọmọ mẹ́ta! Bàbá wọn ò sì bá wa lọ rárá. Ṣé òun náà máa san? Ṣé kọ́ọ̀tù ló kàn?

Bàbá Káyọ̀dé, Manchester: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dára. Ẹ tètè san án kí ọjọ́ 21 tó pé, £80 lẹ máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 3, kò sí ẹ̀dínwó mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè gbéni dé kọ́ọ̀tù.

Ṣadé, Dalston: Ẹ̀yin náà! Ẹ ò ṣe sọ pé ara wọn ò yá?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ má dán an wò! Mo purọ́ yẹn rí. Ilé-ìwé pe fóònù mi, ó ń dún bíi ti Nàìjíríà. A dé tán, tíṣà ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ṣe nílé. Taiwo ya màlúù, Kẹ́hìndé ya àwọn tó ń náwó fún mi.

Ṣadé: 😂😂 Màlúù tú àṣírí!

Bàbá Káyọ̀dé: Irọ́ kọ́ ló bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pe rẹ́jísítà lójúmọ́. Bí ọmọ ò bá ti sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 10, ìyẹn ọjọ́ 5 péré, wọ́n lè kọ̀wé sí yín. Ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

Ìyá Ìbejì: Mo tọrọ lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjì ni wọ́n fún mi. Òkú Ìjẹ̀bú, ọjọ́ méjì? Ẹbí ò tíì parí ìjà aṣọ ẹbí!

Dèlé, Maryland ní Amẹ́ríkà: Ti yín dáa. Níbí, ọmọ tó bá pa ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ilé-ìwé jẹ, orúkọ ẹ̀ ti wọ ìwé àwọn tó ń pa ilé-ìwé jẹ, ì báà ní ìwé dókítà.

Àǹtí Rónkẹ́, Glasgow: Ẹ kó wá sí Scotland, ẹ ò ní rí lẹ́tà ìtanràn bẹ́ẹ̀ níbí.

Ṣadé: Òtútù yín ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ìtanràn?

Dèlé: Mọ́mì Tòmíwá, ṣé ìkọ́kọrẹ́ wà níbi ìnáwó náà?

Mọ́mì Tòmíwá: Ìkòkò ńlá ńlá! Ẹja ṣáwá kún inú ẹ̀.

Dèlé: Áà. Níbo lèèyàn ti ń rí ewùrà gidi nílùú yìí?

Ṣadé: Ẹ wá sí ọjà Ridley Road ní Dalston wa níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyá Ìbejì: Ewùrà Ridley Road tó ti gan? Ẹ lọ jókòó!