Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ́rẹ́ stem cell fún kókó inú ọpọlọ?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Glioblastoma, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le, ni wọ́n rí nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ó sì ń lo temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ. Lálẹ́ àná ló na fóònù rẹ̀ sí mi: ilé ìwòsàn aládàáni kan ń polówó abẹ́rẹ́ stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara) tí yóò "tún ọpọlọ ṣe". Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tí mo kà ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Toronto rí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe bíi stem cell nínú kókó ọpọlọ gan-an. 100 péré nínú wọn ti tó láti hu kókó tuntun nínú ọpọlọ eku. Irú wọn ni wọ́n fura sí pé ó ń jẹ́ kí àìsàn yìí padà dé lẹ́yìn ìtọ́jú. Àwọn olùwádìí mìíràn sì ń fi stem cell ọpọlọ rán oògùn, torí ó máa ń tọpasẹ̀ kókó náà dé ibi tó sá sí. (Èyí wú mi lórí, mi ò ní parọ́.) Ṣùgbọ́n inú ìdánwò nìyẹn ṣì wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi dókítà rẹ̀ nípa ìdánwò tòótọ́? Bí wọ́n bá ń gba owó ńlá kí wọ́n tó gún un, ṣé ká sá? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tí ojú yẹn kò fi ní ṣú?