Yẹtí tó kúrú jù fún etí mi

Ìtàn etí lílù tèmi rèé o. Ọdún 2019 ni mo lu òkè etí ọ̀tún, níbi tó le yẹn, nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ 2. Ìsọ̀ kan ní Ìbàdàn ni mo lọ. Ìbọn tí wọ́n fi ń lu etí ni wọ́n fi lù ú, pàà! Yẹtí aláwọ̀ góòlù, olókùúta dídán. Ó kúrú, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fún mọ́ etí pinpin. Mo wo dígí, ó wù mí.

Lọ́jọ́ kẹta, etí wú. Kò sáyè tó lè wú sí, ni ìdérí ẹ̀yìn bá ń wọnú ẹran lọ. Ó ń yún mi, ó ń ṣọyún. Wọ́n ní kí n máa yí yẹtí náà láàárọ̀ lálẹ́, mo ń yí i, mo tún ń da sípíríìtì sí i. Méjèèjì ló ń dá egbò náà padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gèlè aṣọ òkè ni mo wé lé e. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ bí gèlè yẹn ṣe ń le tó. Omi ń bọ́ lójú mi títí wọ́n fi gé kéèkì.

Nọ́ọ̀sì ló bá mi yọ ọ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi: awọ góòlù ti bó kúrò lára rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níkẹ́lì wà nínú rẹ̀, irin tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà. Màmá mi ní, “Òwú ni wọ́n fi sí ọ létí lọ́mọ ọwọ́, wọn ò sì so ó le. Ṣé kò jinná ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òwú fúyẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún etí.

Nígbà tí mo tún un lu ní 2021, abẹ́rẹ́ ni wọ́n lò. Irin titanium ni yẹtí, irú èyí tí àwọn dókítà ń fi sínú ara, àmì rẹ̀ ni ASTM F136. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú bíi bọ́tìnnì, kò sí kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí lè há sí. Mìlímítà 8 ni gígùn rẹ̀; ó yọ síta gan-an, àyè wíwú sì nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 tí wíwú etí ti lọ sílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí mìlímítà 6. Ẹ má fo ìyẹn o, torí èyí tó gùn á máa kọ́ irun àti gèlè, ihò á sì wọ́. Omi iyọ̀ bíi ti dẹ́ríìpù, 0.9%, nìkan ni mo ń fọ́n sí i. Oṣù 9 ló gbà kó tó jinná tán.

Ẹni tó fẹ́ fi yẹtí róbótó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jinná ná. Yíyí ló máa ń yí nínú egbò. Tí tiyín bá sì ti ń wú báyìí, tí ìdérí ń wọlé, ẹ má fà á yọ fúnra yín. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì lónìí.