Ibà la pè é

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin tèmi. Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí yín lórí oyún tó wálẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní n má dá sí i, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí nínú.

Ọ́fíìsì wa kéré: èèyàn mẹ́fà, fèrèsé méjì, ọ̀kan sì kọjú sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Lọ́dún tí mo lóyún yẹn, iná ìjọba lè má dé láti Ajé títí di Ẹtì. Bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ó di ìrọ̀lẹ́. Férémù fèrèsé dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí a máa fọ́ mi, mo ní oyún ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ìyàrá ní Sátidé, kì í fọ́ mi rárá. Kò yé mi nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni oyún náà wálẹ̀. Mo sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sọ fún ọ̀gá pé ibà ni, mo sì padà sídìí tábìlì mi. Ó tó oṣù márùn-ún kí àǹtí tó ń tọ́jú fáìlì wa tó ká mi mọ́ ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ náà?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni tiẹ̀ ti wálẹ̀ níbẹ̀. Ibà lòun náà pè é.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló là á yé wa. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò lóòórùn, tí kò ní àwọ̀, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Màmá náà ò jẹ́ búra pé gáàsì yìí ló ṣe tiwa o. Ó ní nǹkan bí ìdajì oyún tó ń wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìṣẹ̀dá ọmọ ni kò gún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn tù mí nínú, ó tún bí mi nínú.

Àwa méjèèjì la jọ wọlé tọ ọ̀gá. Àṣé Panadol lòun náà ń gbé mì láti Kérésì! Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ọgbà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run á fi ayọ̀ rọ́pò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n di tèmi rù, wọ́n ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1991, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù: oyún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kò wálẹ̀ ju tàwọn tí kò lò ó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún ìyá ọkọ mi. Wọn ò kà á.

Bàbá Tọ́pẹ́, Mọ̀pà:
Èmi ni mo bá ìyàwó mi kọ lẹ́tà ibà yẹn lọ́dún tó kọjá. Lálẹ́ yìí mo bi í pé ibo ni jẹnẹrétọ̀ wọn wà. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, nítorí olè.