Ṣé kí n kó ọ̀rọ̀ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nínú ìwádìí mi níbí l'Abẹ́òkúta, mo gba ohùn àwọn ìyá aláàdìrẹ sílẹ̀ ní Ìtòkú. Jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà jáde ní kí n kó gbogbo dátà mi síta. Ìmọ̀ràn UNESCO ti 2021 lórí sáyẹ́ǹsì gbangba fẹ́ kí ìmọ̀ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ó fàyè gba pípa àṣírí ẹni àti ìmọ̀ ìbílẹ̀ mọ́. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 náà ń bẹ. Orúkọ ṣeé yọ, ohùn ńkọ́? Ìyá kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po aró ilé wọn fún mi, ó ní n má gbé e dé ọjà. (Mo sì ti jẹ ẹ̀kọ wọn!) Ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn ìyá náà tẹ̀ka sí kò mẹ́nu ba íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n padà lọ tọrọ àyè ni, àbí kí n gbé àkótán nìkan síta? Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́.