Ẹ má pe NULL ní "òfo", ẹ jọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, ìyẹn bá a ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dátábéèsì. Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ torí mi ò kì í ṣe onímọ̀ èdè, kọ́ọ̀dù ni mò ń kọ jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe NULL inú dátábéèsì (àwọn àtẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, NULL sì ni àmì ibi tí kò sí àkọsílẹ̀ kankan) ní "òfo", tẹ́nìkan tún tẹ̀ lé e pé "òdo" náà ò burú, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ òfo kọ́ o. Igbá òfìfo, ẹ ti ṣí i, ẹ ti wonú ẹ̀, ẹ mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òdo ní tiẹ̀, nọ́ńbà gidi ni, ẹ lè rò ó mọ́ nǹkan, ẹ lè yọ ọ́ kúrò. NULL wá dà bí igbá tí wọ́n dé pa, tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí, nǹkan lè wà ńbẹ̀, ó sì lè má sí.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni Lágbájá, mo ní mi ò mọ̀. Ẹ bi mí ní ti Tàmẹ̀dù, mo ní mi ò mọ̀. Ṣé wọ́n ti wá dọ́gba lọ́jọ́ orí nìyẹn, torí pé ìdáhùn mi ò yàtọ̀? Ẹ ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sì lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí SQL, èdè tá a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, náà ṣe ń rò ó gan-an nìyẹn, tẹ́ ẹ bá kọ NULL = NULL kò ní sọ pé òótọ́ ni, kò sì ní sọ pé irọ́ ni, òun ò mọ̀ ló máa ní, ìdí nìyẹn tí IS NULL fi wà lọ́tọ̀ fún bíbéèrè bóyá NULL ló wà níbì kan. Tó bá jẹ́ òfo ni, ṣebí òfo àti òfo ò yàtọ̀ síra? Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́ ní "òfo" máa jókòó ti kọ́ọ̀dù ẹ̀ dòru, á máa wá ohun tó bà jẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ṣe àtẹ àwọn oníbàárà ò gbà kí NULL wọ òpó ọjọ́ orí, ó ní ẹni tá ò bá mọ ọjọ́ orí ẹ̀ ká fi 0 sí i. Ẹ mú èèyàn 10, kí 6 nínú wọn jẹ́ ọmọ 30 ọdún, ká má mọ ti 4 tó kù. Tẹ́ ẹ bá fi NULL síbẹ̀, AVG, tó ń ṣírò ìpíndọ́gba, máa fo àwọn 4 yẹn, á fún yín ní 30. Tó bá jẹ́ 0 lẹ fi síbẹ̀, 18 ló máa gbé jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn, àwọn ọ̀gá ti ń ṣèpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa polówó ọjà fáwọn ọ̀dọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ò sí níbì kankan!

Edgar Codd tó gbé ètò àtẹ yìí kalẹ̀ ní 1970, nígbà tó wà ní IBM, òun fúnra ẹ̀ rí i pé NULL kan ṣoṣo ò tó. Nígbà tó máa fi di 1990 ó ti ní kó jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan fún ohun tó yẹ kó wà tá ò tíì mọ̀, èkejì fún ohun tí ò kan ẹni náà rárá. Àwọn tó ń ṣe SQL ò gbà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu wa: nọ́ńbà fóònù ẹni tó ní fóònù, "a ò tíì mọ̀ ọ́n", nọ́ńbà fóònù ẹni tí ò lo fóònù, "kò kàn án". "Tíì" kékeré yẹn ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń jà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá.

"Àlàfo" ni tèmi. Ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù tó fo ibì kan, a máa ń ní ó fi àlàfo sílẹ̀, a sì lè ní kó wá dí i. Òfo wà fún ọ̀rọ̀ tí ò ní lẹ́tà kankan nínú, kó máa jẹ́ ìyẹn lọ, nǹkan ọ̀tọ̀ ni méjèèjì nínú dátábéèsì tó ń jẹ́ PostgreSQL (Oracle, dátábéèsì míì, ló da tiẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn).

Ti "kọ́kọ́rọ́ àjèjì" fún foreign key ńkọ́? Kí ló ń ṣí? Ta sì ni àjèjì níbẹ̀? Ẹni tó pe verb ní ọ̀rọ̀-ìṣe ò wo ohun tó jẹ́ ní Látìnì, torí "ọ̀rọ̀" lásán ló jẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn ló wò. Iṣẹ́ ti foreign key ni pé ó ń so ìlà kan mọ́ ìlà míì nínú àtẹ míì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa oníbàárà rẹ́ tí ọjà tó rà ṣì wà lákọsílẹ̀, dátábéèsì á ní rárá. "Ìdè" ni mo máa pè é. Ẹnìkan ti dábàá "atọ́ka", kò burú, àmọ́ index, ohun tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà tá à ń wá, la ti fún nírú orúkọ yẹn, àwọn méjèèjì á wá máa já lura wọn.

Tẹni tó pe normalization ní "ìmúdọ́gba", èmi ò rí ohun tó ń mú dọ́gba níbẹ̀ jàre, ká má kọ àdírẹ́sì ẹnìkan síbi mẹ́ta, ká wá tún un ṣe níbi méjì ká gbàgbé ìkẹta, ohun tó wà fún nìyẹn.