Wọ́n fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró níbi iṣẹ́ wa, kí la lè jọ ṣe?

Ìbéèrè:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ọ̀gá ń ṣèpàdé bòńkẹ́lẹ́, àná ni mo bá ẹni tó ń san owó oṣù wa níbi tó ti ń to orúkọ wa pẹ̀lú iye ọdún tí kálukú ti lò, bó ṣe rí mi báyìí ló pa kọ̀ǹpútà dé. Kálukú ti wá ń wá ojúure ọ̀gá ní kọ̀rọ̀. A ò ní yúníọ́ọ̀nù o.

Èsì 1:
Ojúure yẹn gan-an ló máa tú yín ká. Ẹ pàdé níta, ẹ má lo ímeèlì iléeṣẹ́ rárá, ẹ yan ẹni mẹ́ta, kí gbogbo yín fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó, kí ló fà á, báwo lẹ ṣe fẹ́ mú ẹni tó máa lọ. Àdéhùn 158 ti ILO, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, lọ́dún 1982 ní kí wọ́n bá aṣojú òṣìṣẹ́ jíròrò ṣáájú, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè.

Èsì 2:
Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, àwa la ní kí wọ́n dín wákàtí gbogbo wa kù dípò kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Owó oṣù já wálẹ̀, ó dùn wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ. Ẹ̀yin náà ẹ bèèrè ẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbé ìwé síwájú yín, ẹ má sáìn lọ́jọ́ náà, ẹ jọ kà á ná.